Ìdọ̀bálẹ̀ Akínṣọlá

Páálí abẹ́rẹ́ tó ṣófo ni Dókítà Ràṣídátù sọ mọ́ ògiri láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé náà. Páálí ọ̀hún bá ògiri, ó já bọ́ sílẹ̀. Ó lọ gbé e, ó padà síbi tó dúró sí, ó tún sọ ọ́.

"Páálí yẹn ò ṣẹ̀ yín o," Abdulazeez, nọ́ọ̀sì rẹ̀, wí láìgbé ojú sókè. "Ẹni tó yẹ kó kó abẹ́rẹ́ kún inú ẹ̀ ni kí ẹ lọ sọ mọ́ ògiri."

"Tí mo bá rí i, ìwọ lo máa gbá a nílẹ̀."

"Màá mú ìgbálẹ̀ dání."

Ẹ̀rín fẹ́ pa á, ṣùgbọ́n ìbínú ò jẹ́ kó ráyè. Abẹ́rẹ́ tó ń jí ẹni tí tírámọ́ọ̀lù ti fẹ́ gbé lọ ni wọ́n ń retí láti oṣù tó kọjá. Ẹyọ kan ṣoṣo ló kù, inú àpamọ́wọ́ rẹ̀ ló sì fi í sí, bí obìnrin mìíràn ti ń fi pọ́dà sínú tirẹ̀. Láti Ọ̀jọ́ dé Ìbà, títí dé Ọ̀kọ́kọ́maikò, kò sí ibi tí èèyàn yóò yà sí tí kò ní rí tírámọ́ọ̀lù rà. Ẹni tó ń ta káàdì fóònù ní in. Ẹni tó ń ta omi inú ọ̀rá ní in. Oògùn ìrora ni lóòótọ́, ó sì dáa fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Àwọn èèyàn ló sọ ọ́ di oúnjẹ àárọ̀. Àwọn tó ń tà á ò wá ọjà wọn tì rí. Òun tó fẹ́ dá ẹni tó ń kú lọ padà ni wọ́n ń sọ fún pé kó máa mú sùúrù. Sùúrù! Ọ̀rọ̀ náà ká a lára débi pé eyín rẹ̀ ń ro ó.

Iwájú ilé ìwòsàn náà, ní òpópónà kan tó já sí ọ̀nà Ìbà, pátákó kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ lẹ́tà gàdàgbà sí: ÌTỌ́JÚ Ẹ̀YÌN ÀTI ORÍKÈÉ RÍRO. Ràṣídátù fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn tí dókítà ń tọ́jú gan-an, àwọn tí tírámọ́ọ̀lù dì mú, kì í gba abẹ́ pátákó yẹn wọlé. Ẹnu ọ̀nà kékeré kan wà lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Ibẹ̀ ni wọ́n ń yọ́ gbà, fìlà á bò wọ́n lójú, ìborùn á wọ́ dé imú. Awakọ̀ wà nínú wọn, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì wà níbẹ̀, ìyá ọlọ́mọ wà níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò rí wọn. Bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn yẹn bá délẹ̀, orí Ràṣídátù máa ń wú. Ó gbà pé òun ló mú kí wọ́n lè máa wá.

Ilẹ̀kùn iwájú ni ẹnìkan kàn láàárọ̀ yẹn.

Ọmọbìnrin kan ló wọlé, ó pupa díẹ̀, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ di irun rẹ̀, òórùn ọṣẹ dídùn ń ti ara rẹ̀ wá. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ mà."

"Káàárọ̀, dìde. Ṣé ẹ̀yìn ń ro ẹ́ ni?"

"Rárá mà. Ẹ̀yìn àfẹ́sọ́nà mi ló ń ro ó. Akínṣọlá."

Ó pe orúkọ náà bí ẹni tí oyin wà lórí ahọ́n rẹ̀ tí kò fẹ́ kó tètè yọ́. Ràṣídátù ti mọ̀ ọ́n kó tó sọ orúkọ tirẹ̀. Ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu Akínṣọlá títí ó fi mọ bí ọmọ náà ti ń rẹ́rìn-ín, bó ṣe ń fi ọwọ́ bo ẹnu tí ẹ̀rín bá pọ̀ jù. Ọmọ́ṣaléwá nìyí. Kò sí ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀ lónìí.

"Òní ni mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́ wa," ó wí. "Àwọn ẹbí rẹ̀ ń bọ̀ nílé wa lọ́sàn-án. Àǹtí Dókítà, ẹ̀yìn ríro kì í mú kí imú èèyàn máa ṣomi. Kì í mú un máa yán ṣáá, kó máa làágùn nínú òtútù, kó máa sunkún tí mo bá bi í pé kí ló dé. Mo tẹ̀lé e dé ibí lọ́jọ́ kan. Ẹ kàn sọ ohun tó ń ṣe é fún mi. Tó bá burú, mi ò ní sá. Mo kàn fẹ́ mọ ohun tí mò ń fẹ́ kí n tó fẹ́ ẹ ni."

"Bi òun fúnra rẹ̀."

"Mo bi í. Ó ní kí n wá ka pátákó yín."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Ràṣídátù níbì kan, ṣùgbọ́n kò dúró wo ojú ibẹ̀.

"Gbọ́, àbúrò mi. Ohun tí ẹnikẹ́ni bá bá mi sọ nínú yàrá yẹn, inú mi ló ń gbé. Ìbáà jẹ́ ìyàwó ló bi mí, ìbáà jẹ́ pásítọ̀, mi ò ní sọ. Iṣẹ́ mi nìyẹn."

Ọmọ́ṣaléwá dìde. Omi lé ròrò sójú rẹ̀, kò jẹ́ kó bọ́.

"Ó dáa mà. Navy Town nilé wa. Ẹ máa rí igi àgbálùmọ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá bọ́ọ̀lù, ilé tó wà lábẹ́ ẹ̀ ni. Bí inú yín bá kún tán, ẹ wá síbẹ̀."

Ó jáde. Abdulazeez mi orí. "Ẹnu èyí, ata ló fi ń fọ̀ ọ́."

Inú ń bí Ràṣídátù sí ọmọbìnrin náà nítorí pé òótọ́ ló sọ, inú sì ń bí i sí ara rẹ̀ nítorí pé ó wù ú kó sọ fún un. Ó wù ú kó mú un lọ́wọ́, kó sọ fún un pé ọkùnrin tó fẹ́ràn yìí ti ja ìjà kan tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin ò ní lè jà.

Òjò ló so Ọmọ́ṣaléwá àti Akínṣọlá pọ̀. Ọmọ́ṣaléwá ń ti ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi tó ti ń kọ́ àwọn ọmọdé bọ̀, òjò ká a mọ́ Ìyànà-Ìbà, kò sì ní agbòjò. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń kọjá, ó ru páálí tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n fi ọ̀rá wé, tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Ó wò ó, ó kọjá, ó padà. Kò sọ̀rọ̀. Ó kàn yí páálí náà sí ìbú kó lè bo àwọn méjèèjì, wọ́n sì dúró bẹ́ẹ̀ títí òjò fi dá, omi ń ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ wọn méjèèjì, wọ́n ń wo ara wọn bí ẹni tí kò rí èèyàn rí. Ọjà Àlàbá ni Akínṣọlá ti ń já ẹrù nígbà náà. Kí wọ́n tó ṣí kọ̀ǹténà, ọ̀gá wọn á pín tírámọ́ọ̀lù fún wọn pẹ̀lú omi, kí ẹ̀yìn má baà mọ ohun tó ń gbé. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

"Àǹtí Dókítà," Akínṣọlá ti sọ fún un lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá, "lọ́jọ́ òjò yẹn, mo ti gbé e mì. Ìdí nìyẹn tí ẹrù náà ò fi wúwo. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá mo lè dúró tì í lọ́jọ́ tí mi ò gbé nǹkan kan mì."

Díẹ̀díẹ̀ ni Ràṣídátù ń dín in kù fún un. Lóru, egungun rẹ̀ á máa ro ó bí ẹni pé wọ́n ń lọ̀ ọ́ lórí ọlọ. Lójúmọmọ, á tún gba ẹ̀yìn wọlé, á ní òun ṣì wà níbẹ̀. Títí ó fi di ọjọ́ tí kò lò ó rárá. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ti kọjá lórí ìyẹn. Yíyán àti omi imú yìí ló kù, ìyẹn náà ń lọ.

Ìyá rẹ̀ ni kò lè dúró dè é kó lọ.

Láàárín ọ̀sẹ̀ ni ìyá Akínṣọlá ti wá bá dókítà. Aránṣọ ni, sùtánà funfun ló ń rán fún àwọn ọmọ ìjọ ní Ìyànà-Ìbà, òwú funfun kì í sì í wọ́n lára aṣọ rẹ̀. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ló gbà wọlé.

"Dókítà mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un ní nǹkan tí ara rẹ̀ á fi dúró. Ọjọ́ kan péré. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n."

"Kó máa gbọ̀n. Màmá, ọkọ ìyàwó wo ni ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n níwájú àna?"

"Ẹ ò mọ̀ wọ́n. Wọ́n ti wádìí wa dé Ọ̀yọ́. Wọ́n bèèrè bóyá wèrè wà nílé wa, wọ́n bèèrè bóyá wárápá wà. Àbúrò bàbá rẹ̀ kan rìn níhòòhò rí, Ọlọ́run ló ní kí ẹnikẹ́ni má rántí lọ́jọ́ yẹn. Bàbá ọmọ yẹn, ológun orí omi ni, ojú rẹ̀ mú. Tí ọmọ mi bá ń gbọ̀n lórí ìdọ̀bálẹ̀, wọ́n á ní kí la tún fi pamọ́."

Àwọn aláìsàn ti tò sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ràṣídátù ti dìde dúró.

"Rárá, Màmá. Kò ní gba oògùn kankan mọ́. Ẹ máa lọ sílé."

Ìyá náà ṣa òwú kan kúrò ní èjìká rẹ̀, ó sì jáde. Bó ṣe jáde láìtún bẹ̀bẹ̀ yẹn ni Ràṣídátù ń rántí lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé yìí, nígbà tí fóònù rẹ̀ dún.

"Dókítà mi! Ẹ bá mi dúpẹ́ o. Ara ọmọ mi ti dúró."

"Ó dúró báwo?"

"Ọwọ́ ò gbọ̀n mọ́. Imú ò ṣomi mọ́. Ó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo èèyàn, ojú ẹ̀ kàn ń wálẹ̀ díẹ̀ ni. Ẹ má bínú sí mi, Dókítà mi, ojú ìyá ni. Mo wá oògùn yẹn rà, mo lọ̀ ọ́, mo pò ó mọ́ ògì tó mu ká tó jáde. Òun gan-an ò mọ̀."

Ràṣídátù na ọwọ́ sí àpamọ́wọ́ rẹ̀.

"Mélòó lẹ lọ̀ sí i?"

"Ìwọ̀n tó ń lò tẹ́lẹ̀ náà ni. Mi ò fi ẹyọ kan lé e. Mo bẹ̀rù Ọlọ́run."

"Màmá, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù! Nísinsìnyí!"

"Ọsibítù kẹ̀? Ẹnu ọ̀nà àna la wà yìí. Wọ́n ti ń pè wá wọlé. Ó dàbọ̀, Dókítà mi, Ọlọ́run á bá yín ṣe é."

Ó pè é padà. Ìyá náà ti pa fóònù.

Ìwọ̀n tó ń lò tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Akínṣọlá ń lò ó lójoojúmọ́, ara rẹ̀ ti kọ́ bí a ti ń gbé e. Láti ìgbà tó ti fi í sílẹ̀, ara ti gbàgbé. Ohun tó fi ń jí láàárọ̀ nígbà yẹn, òun náà ló lè pa á lónìí: á kọ́kọ́ tù ú lára, á mú oorun wá, lẹ́yìn náà àyà á gbàgbé láti máa mí. Gbogbo aláìsàn ni Ràṣídátù máa ń kìlọ̀ èyí fún. Kò kìlọ̀ rẹ̀ fún ìyá yìí. Rárá ló sọ fún un, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Kò rántí bó ṣe dé inú ọkọ̀. Ó ń wà á, ó ń bú ìyá Akínṣọlá; ó bú ọ̀gá tó ń pín oògùn ní Àlàbá; ó bú ẹni tó tà á fún aránṣọ lásán-làsàn láìbéèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe; ó bú gbogbo ẹni tó bí ìtìjú sílé ayé. Ní ẹnu géètì Navy Town, ọmọ ogun tó ń ṣọ́nà gbé ọwọ́ sókè.

"Mà, ẹ páàkì sí ẹ̀gbẹ́. Ta lẹ fẹ́ rí?"

"Òkú ni mo fẹ́ rí tí o bá dá mi dúró síbí!"

Ọmọkùnrin náà wo ojú rẹ̀, ó wo ohun tí àwọn dókítà fi ń gbọ́ àyà tó gbé kọ́rùn, ó sì gbé igi ojú ọ̀nà sókè láìsọ ohun mìíràn.

Igi àgbálùmọ̀ kan. Pápá bọ́ọ̀lù. Ariwo ẹ̀rín ló kọ́kọ́ gbọ́ láti inú ilé, àtẹ́wọ́ tẹ̀lé e. Ó sáré wọ pálọ̀.

Bàbá Ọmọ́ṣaléwá jókòó lórí àga ńlá, ó sanra, ó dúró gbọn-in nínú agbádá rẹ̀. Àwọn ẹbí méjèèjì kojú síra wọn, kúlà ohun mímu wà láàárín. Lórí kápẹ́ẹ̀tì níwájú bàbá náà, Akínṣọlá dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, àyà mọ́lẹ̀, ọwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, iwájú orí mọ́lẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ tó bá a dọ̀bálẹ̀ ti dìde, wọ́n ń gbọn eruku orúnkún.

"Ọkọ ìyàwó, ó tó, a ti rí i!" obìnrin kan nínú ẹbí ìyàwó ké.

"Ẹ fi í sílẹ̀, ó ṣì ń bẹ̀bẹ̀," èkejì dáhùn. "Ọmọ wa ò ṣeé fi ìdọ̀bálẹ̀ ojú ayé gbà!"

"Wò ó, kò mira! Èyí ni wọ́n ń pè ní ọmọ tí wọ́n kọ́!"

Wọ́n tún pàtẹ́wọ́ fún un. Ìyá Akínṣọlá náà ń pàtẹ́wọ́, ojú rẹ̀ ń tàn, omijé ayọ̀ ń bọ́ lójú rẹ̀, nítorí pé ọmọ rẹ̀ kò gbọ̀n.

Ràṣídátù gba àárín wọn kọjá. Ó wólẹ̀, ó yí Akínṣọlá padà. Ètè rẹ̀ ti di àwọ̀ eérú. Ó ṣí ìpéǹpéjú rẹ̀: ọmọlójú rẹ̀ ti kéré bí orí abẹ́rẹ́. Ó gbé etí lé ẹnu rẹ̀. Kò gbọ́ nǹkan kan. Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́ kan, ìmí kékeré kan bí ti ọmọ tuntun. Lẹ́yìn náà, kò tún sí nǹkan kan.

Àtẹ́wọ́ dá. Ẹnìkan dì í mú ní ọrùn ọwọ́. Ìyá Akínṣọlá ni, ó fẹnu sí dókítà létí.

"Dókítà mi, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe níbí. Ẹ bò mí. Ẹ jẹ́ ká gbé e síta, ká ní àìsùn ni."

Gbogbo ìbínú tí Ràṣídátù ti ń kó jọ láti àárọ̀, ibẹ̀ ló ti bú.

"Ọmọ yín ò mí, ẹ ní kí n bò yín! Ẹ fi mí sílẹ̀!" Ó já ọwọ́ rẹ̀ gbà. Ó kígbe sí gbogbo ilé: "Tírámọ́ọ̀lù ni! Ó ti fi í sílẹ̀, wọ́n sì fi í sínú oúnjẹ fún un láìmọ̀, kí ara rẹ̀ lè dúró níwájú yín! Ara rẹ̀ ti dúró, ẹ wò ó! Ta ló mọ bí wọ́n ṣe ń mí fún èèyàn nínú yín? Ọwọ́ méjì péré ni mo ní!"

Àwọn èèyàn ń wo ara wọn. Àwọn ọ̀rẹ́ Akínṣọlá ti sún dé ògiri.

Bàbá Ọmọ́ṣaléwá dìde. Ó bọ́ agbádá rẹ̀ gba orí, ó jù ú sílẹ̀.

"Mo ti fa èèyàn yọ nínú òkun rí," ó wí. "Ẹ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ ṣí fèrèsé."

Ó kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń dọ̀bálẹ̀ fún un. Ó gbé àgbọ̀n Akínṣọlá sókè, ó di imú rẹ̀, ó fi ẹnu lé ẹnu, ó sì fẹ́ ẹ̀mí sí i. Àyà ọmọ náà gbéra, ó sì wálẹ̀. Ó tún fẹ́ ẹ. Ràṣídátù ti fọ́ orí ìgò kékeré inú àpamọ́wọ́ rẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo yẹn. Ó fi abẹ́rẹ́ fa oògùn inú rẹ̀. Ó gún Akínṣọlá ní itan gba orí ṣòkòtò.

Wọ́n dúró. Kò sí ohun tó ń dún ju èémí bàbá náà lọ, tó ń wọ inú ara ẹlòmíràn lọ tó ń jáde. Ẹnu ọ̀nà yàrá ṣí. Ọmọ́ṣaléwá jáde pẹ̀lú ìborùn tí wọ́n fẹ́ fi bo ojú rẹ̀ mú un wá fún ọkọ. Ó rí bàbá rẹ̀ lórí orúnkún, ó rí ẹnu bàbá rẹ̀ lórí ẹnu ẹni tó fẹ́ràn. Kò ké. Ó wá, ó ká ìborùn náà, ó tì í sábẹ́ orí Akínṣọlá, ó sì di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú ṣinṣin bí ẹni pé ibẹ̀ ni ẹ̀mí rẹ̀ máa gbà lọ.

Akínṣọlá fa èémí kan sínú, ó gùn, ó dún bí aṣọ tí wọ́n fà ya. Ó wúkọ́. Ojú rẹ̀ là díẹ̀, ó rí ojú bàbá náà lókè rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ó wí, ohùn rẹ̀ ò jáde tán. "Ṣé kí n dìde?"

"Má dìde," Bàbá Ọmọ́ṣaléwá wí. Ó nu ẹnu rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́. "Dùbúlẹ̀ síbẹ̀, jàre."

Ọsibítù ni wọ́n gbé e lọ, nítorí abẹ́rẹ́ lè ṣíwọ́ kí tírámọ́ọ̀lù tó tán nínú ara, kó sì tún gbé e. Nígbà tí oòrùn fi ń rọlẹ̀, ó ti ń mí fúnra rẹ̀. Ràṣídátù dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ń gbọ́ wọn.

"Ṣé wọ́n gbà?" Akínṣọlá ń bi Ọmọ́ṣaléwá.

"Ta ló ń bá ẹ sọ̀rọ̀ gbígbà? Mí dáadáa."

"Mi ò mọ̀ pé ó wà nínú ògì."

"Mo gbọ́. Ti ògì kọ́ ló ń dùn mí." Ohùn rẹ̀ le bí òkúta, ọwọ́ rẹ̀ ò sì kúrò nínú tirẹ̀. "O ní kí n lọ ka pátákó. Èmi, Akínṣọlá? Èmi tó o gbé tẹlifíṣọ̀n bò? Pátákó lo ní kí n lọ kà?"

Ó gbé ojú sókè, ó rí dókítà.

"Mo ní mi ò ní sá," ó wí. "Ẹ ò gbà mí gbọ́, ẹ̀yin méjèèjì."

Ràṣídátù yí padà, ó jáde.

Níta, bàbá ológun náà ń múra àtilọ sílé. Ó dúró níwájú ìyá Akínṣọlá níbi tó káwọ́ lérí sí lórí bẹ́ǹṣì.

"Tí ọmọ yín bá lè rìn, kó wá rí mi. Òun nìkan. Kó fi ẹnu ara ẹ̀ sọ̀rọ̀ ara ẹ̀. Ìdọ̀bálẹ̀ tòní yẹn, mi ò tíì kà á."

Ó lọ. Ó wá ku Ràṣídátù àti ìyá náà. Ọ̀rọ̀ ti kún dókítà lẹ́nu láti Navy Town, ó sì tú u sílẹ̀.

"Kí ojú má baà tì yín, Màmá. Nítorí ìyẹn lásán. Ọmọ yín ń kú lọ níwájú yín, ẹ̀ ń pàtẹ́wọ́!"

Ìyá náà ò sunkún mọ́. Òwú funfun kan wà lẹ́nu apá aṣọ rẹ̀, ó ń fi ìka yí i.

"Òótọ́ ni," ó wí. "Mo pàtẹ́wọ́. Màá máa gbọ́ ọ létí títí màá fi kú." Ó fa òwú náà já. "Ṣùgbọ́n ẹ ní rárá, Dókítà mi. Ẹ ò ní ó lè pa á. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ mú un wá, iwájú ni mo fẹ́ gbà. Ẹ̀yin lẹ ní kí n yí sẹ́yìn, kí èèyàn má baà rí wa. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn."

Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń jà. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣàlàyé ọ̀nà fún àlejò.

Ilẹ̀ ń ṣú bọ̀ nígbà tí Ràṣídátù padà dé Ìbà. Abdulazeez ti lọ. Àwọn tó ń ta àgbàdo sísun ti gbé iná wọn sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó dúró níwájú pátákó rẹ̀, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí. Ó ti ṣe é dáadáa. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dúró gbọn-in.

Ó wọlé. Páálí abẹ́rẹ́ ṣì wà nílẹ̀ níbi tó já bọ́ sí. Ó gbé e. Ìbínú ṣì wà lára rẹ̀ bó ṣe wà láàárọ̀, ó gbóná bákan náà, ṣùgbọ́n ó di páálí náà mú lọ́wọ́, kò sì mọ ògiri tí yóò sọ ọ́ mọ́ mọ́.

Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ó rọra kàn án, bí wọ́n ti máa ń kàn án.

Ràṣídátù gbé páálí sórí tábìlì. Ó lọ síwájú, ó ṣí ilẹ̀kùn ibẹ̀ gbayawu, ó tan iná, ìmọ́lẹ̀ sì tú jáde sórí ọ̀nà débi pé obìnrin tó ń sun àgbàdo gbé ojú sókè.

"Gba iwájú!" ó ké sí ẹ̀yìn ilé.

Kíkàn náà dáwọ́ dúró.

"Dókítà," ohùn ọkùnrin kan dáhùn láti ibi kànga, ó rẹlẹ̀, "àwọn èèyàn wà níwájú o."

"Mo mọ̀. Èmi náà wà níbẹ̀."

Ó gbọ́ ẹsẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́. Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, ó sì dúró ní igun ilé, níbi tí òkùnkùn parí sí. Ràṣídátù dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn kó má baà padà dé, ó sì ń dúró dè é.